Wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ogójì olùkọ́: báwo ni kí n ṣe fi open source hàn wọ́n?

#1 TíṣàBọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan kọ́ mi lọ́rùn, mi ò sì fẹ́ dá a ṣe.

Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ máa ń ṣe àpérò ọlọ́jọ́ méjì lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí n wá darí wọ́kíṣọ́ọ̀bù lórí sọ́fítíwíà open source fún ilé-ìwé. Wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán túmọ̀ sí. Àwọn tó máa wá á tó ogójì. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù, àmọ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá àti ti sáyẹ́ǹsì mélòó kan náà ti forúkọ sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọkùnrin kan wá láti Èkó, ó mọṣẹ́, ó sì lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1983 tí Richard Stallman kéde GNU, iṣẹ́ tó fẹ́ fi kọ sọ́fítíwíà olómìnira, ó gba ọ̀dọ̀ Linus Torvalds tó kọ Linux ní 1991 kọjá, ó ka òmìnira mẹ́rin tí irú sọ́fítíwíà yìí ń fúnni fún wa: kéèyàn lo ètò bó ṣe wù ú, kó yẹ inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe, kó pín in fún ẹlòmíì, kó tún pín èyí tóun fúnra rẹ̀ ti tún ṣe. A pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a gba ìwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo pe àwọn méje tí mo ní nọ́ńbà wọn, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti gbé sórí ẹ̀rọ. Kò sí. Ẹnì kan ní fláàṣì tí wọ́n fún òun ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun ti fi fíìmù kún un.

Mi ò fẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ ṣe? Kí ló bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?


#2 Alágbẹ̀dẹKọ̀ǹpútà, Ìbàdàn

Àǹtí Bọ́lá, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ.

Ilé-ìwé girama kan pè mí pé kí n wá bá àwọn tún yàrá kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ̀rọ ogún. Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo ẹ̀. Mo sun ibẹ̀ mọ́jú, mo fi Linux Mint, oríṣi Linux kan tó ń dípò Windows, sórí gbogbo wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ń dán gbinrin. Aago mẹ́jọ lù, bọ́sà ilé-ìwé wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní: "Ìṣirò owó tí mo kó síbí dà?" Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé yàrá àwọn ọmọ ni bọ́sà ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. TestDisk, ètò tó ń wá ohun tó sọnù lórí ẹ̀rọ, bá wa kó díẹ̀ padà, ìyókù lọ pátápátá. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dárúkọ Linux nílé-ìwé yẹn, wọ́n á ní "èyí tó jẹ owó wa lọ́jọ́sí."

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan Windows ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Microsoft Office, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Inkscape (àwòrán yíyà), GIMP (fọ́tò), Audacity (ohùn), Scratch (tí ọmọdé fi ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kíkọ), gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Kí ojú wọn mọ ìwọ̀nyí ná. Ẹni tó bá fẹ́ rí Linux, kó wò ó láti orí fláàṣì, kó pa ẹ̀rọ, kó yọ fláàṣì, kó bá Windows rẹ̀ níbi tó fi í sí. Fláàṣì 32 GB kan tẹ́ ẹ fi Ventoy (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè tàn láti orí fláàṣì) sí á gbé oríṣi Linux mẹ́ta, Mint, Lubuntu àti Debian, pọ̀. Ẹ kàn máa da ISO, fáìlì tí Linux kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀, sí i bí ẹni ń da orin sí i ni.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé Wi-Fi gbọ̀ngàn. LibreOffice nìkan lé ní 300 MB. Fún ogójì èèyàn, 12 GB nìyẹn kẹ́ ẹ tó mí. Ẹ ti ilé dà á sórí fláàṣì mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ sì yẹ àwọn fláàṣì náà wò kẹ́ ẹ tó pín wọn àti nígbà tí wọ́n bá dá wọn padà, torí fláàṣì olùkọ́ dà bí ọwọ́ olóyè níbi ìnáwó, gbogbo ayé ló ti bọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tó máa ràn yín lọ́wọ́. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì gba ẹ̀rọ tí ò bá ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan tó ń wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé-ìwé wa ló bọ́ sáàárín méjèèjì. Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB tí Windows 11 lé dànù ṣì ń rìn dáadáa pẹ̀lú Mint Xfce, èyí tó fúyẹ́ nínú Mint.


#3 ÌgbákejìỌ̀gá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé mo wá tú ọjà ká o. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì ti di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé láti ọdún mẹ́fà.

Ohun tí gbogbo yín kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kò gbowó. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: Windows àti Office tó wà nílé-ìwé wa, ta ló sanwó ẹ̀? Ọmọkùnrin kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó ló gbé e sí i fún wa, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la san. Ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fún wa, inú ẹ̀ la ti ń gbé tipẹ́. Ẹ pè é lólè, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó fà mí lójú mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ òbí tún wà ńbẹ̀. Bàbá tó ń san owó ilé-ìwé á dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, á ní "Microsoft Word lẹ ń kọ́ wọn àbí?" Ìwé tí àwọn ọmọ ń kà ń pe CorelDRAW lórúkọ. Ọmọ tó bá dé iwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, tó ní Excel ò yé òun, Calc ti LibreOffice lòun mọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbà á?

Èyí tó ká mi lára jù: tó bá bàjẹ́, ta ni mo fẹ́ pè? Ọmọ Òkè-Ìlẹ̀wó yẹn á dé láàárín wákàtí kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa ṣe wọ́kíṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹ ti wọkọ̀ padà sílé.


#4 ỌmọÀkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre. Ọ̀rọ̀ ìwé àti ìdánwò ni mo fẹ́ dá sí.

Ìpínlẹ̀ kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ Kerala. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò IT@School ní 2001, ìwé tí wọ́n fún àwọn ọmọ dà bíi tiwa gẹ́lẹ́, orúkọ ọjà Microsoft ló kún inú ẹ̀. Àwọn tó fárígá kì í ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ olùkọ́ wà níwájú wọn. Ìjọba ò fipá yí i padà lóòjọ́. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ kan dáadáa, àwọn yẹn lọ kọ́ ẹgbẹ́ wọn ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tí wọ́n ń pè tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ fi di tíṣà ilé-ìwé kejì. Nígbà tó fi máa di 2008, sọ́fítíwíà olómìnira nìkan ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá fi ń ṣe ìdánwò kọ̀ǹpútà. Ètò náà ló di ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ KITE ní 2017. Ìdánwò ló fà á, sà. Ohun tí ìdánwò bá béèrè ni òbí máa ń béèrè.

A ò lè pàṣẹ fún WAEC, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wo Computer Studies dáadáa: BASIC, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wà níbẹ̀. QBASIC tí gbogbo wa fi ń kọ́ wọn, ayé DOS ló ti wá, Windows 64-bit ò lè ṣí i. Kí làwọn tíṣà ń ṣe? Wọ́n ń fi DOSBox, ètò tó ń ṣe bíi DOS àtijọ́, ṣí i. Open source sì ni DOSBox. Ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Àwọn tó fẹ́ èyí tó rọrùn, kí wọ́n lo QB64 tàbí FreeBASIC, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux.


#5 ỌmọKétu, Benin

Ẹ jẹ́ n ti ọ̀dọ̀ wa dá sí i. Faransé la fi ń kàwé níbí. Tẹ́ ẹ bá ní logiciel libre, kò sẹ́ni tó máa rò pé ohun tí kò gbowó lẹ ń sọ. Libre ni ohun tó ní òmìnira, gratuit ni ọ̀fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi free kan ṣoṣo sọ méjèèjì, tí àwọn oní-Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàlàyé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yorùbá ò ní wàhálà yẹn: ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ́kíṣọ́ọ̀bù fún olùkọ́ Yorùbá lẹ fọwọ́ ara yín fa ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta ní ọ̀fẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn. Òótọ́ ni. Òmìnira ńkọ́?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo pè ní òmìnira. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mẹ́jọ jókòó nídìí pátákó, a ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn bọ́tìnì Tux Paint, ètò tí ọmọdé fi ń yàwòrán. Save ò nira, "fi pamọ́." Undo ló dá wa dúró. Mo ní "yí padà," wọ́n ní kò dùn létí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló nawọ́, ó ní: "Mi ò ṣe mọ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ kíláàsì kejì yọjú. Ohun tá a kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ta ló fẹ́ gba irú ìyẹn lọ́wọ́ wa ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Word?


#6 ÌyáÌbejì, Ìlá Ọ̀ràngún

"Mi ò ṣe mọ́"! Ẹ pa mí o.

Àǹtí Bọ́lá, èmi kì í darí wọ́kíṣọ́ọ̀bù, èmi lẹni tó máa ń jókòó sẹ́yìn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́, mo ti lọ tó mẹ́fà. Olùdarí á ní ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún. Kí n tó rí ibi tó ń sọ, ó ti dé ibòmíì. Ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́ á wá bá mi, á gba mouse lọ́wọ́ mi, á tẹ̀ ẹ́ ní kíá-kíá-kíá, á ní "ó ti tán mà." Kí ló ti tán? Mo dé ilé, mi ò mọ ohun tó tẹ̀.

Ẹ bá mi pàṣẹ fún àwọn tó máa ràn yín lọ́wọ́: kí wọ́n kó ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Kí wọ́n fẹnu sọ ọ́, kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, ìbáà gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹyọ ohun kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, mo ṣì ń ṣe é di báyìí. GCompris ni, àkójọ eré ẹ̀kọ́ fún ọmọdé. Èmi ni mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mi, mo ń gbé e lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ń tò wá sídìí ẹ̀ méjì-méjì. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.


#7 Bọ̀bọ̀Ìlọrin

Kí ni wọ́n fẹ́ sè lọ́sàn-án ọjọ́ náà? Tó bá jẹ́ àmàlà, ẹ yọ wákàtí kan fún oorun nínú mẹ́ta yẹn.


#8 TíṣàBọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìrẹsì ni o, kò kúkú sàn ju àmàlà lọ.


#9 Dúpẹ́_Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé níbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ jọ mọ́ màámi ju èmi lọ.

Màámi fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ Yorùbá ní Ìjẹ̀bú. Nígbà ìdánwò, wọ́n á gbé ìbéèrè lọ sí business centre, ọmọbìnrin ibẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan: "oko" fún ọkọ, fún okó, fún ọkọ̀, fún oko. Màámi á gbà á wálé, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bíróò dúdú, wọ́n á máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ àti òkè, kí wọ́n tó lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Èmi ni mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú tí iná bá lọ. Ọdún wo lèyí? Wọn ò tíì dáwọ́ dúró títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, olùkọ́ tó gba ipò wọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá tó forúkọ sílẹ̀ yẹn, ẹ̀ ń pè wọ́n ní "mélòó kan." Àwọn gan-an ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé open source. Ẹ sọ pé: lónìí, bíróò á sinmi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Nínú LibreOffice Writer, ẹ tẹ 1ECD, kẹ́ ẹ wá tẹ Alt+X. Lẹ́tà ọ á jáde. 1EB9 ni ẹ, 1E63 ni ṣ. Tẹ́ ẹ bá ti ní lẹ́tà náà, ẹ tẹ 0301 tẹ̀ lé e, Alt+X, àmì òkè á gorí ẹ̀. 0300 ni ti ìsàlẹ̀. Ìyẹn wà fún kí wọ́n lè lanu. Lẹ́yìn náà ẹ wá fi kíbọọ̀dù gidi hàn wọ́n, torí kò sẹ́ni tó máa fi nọ́ńbà tẹ odindi ìwé ìbéèrè. Ní Linux, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan kíbọọ̀dù, ẹ wá Nigeria, Yorùbá wà lábẹ́ ẹ̀. Ó wà ní Windows náà. Fún fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, ẹ lo Charis SIL tàbí Gentium. Fọ́ǹtì mìíràn máa ń gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tó ṣí, torí pé kò sí ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ àti àmì ni wọ́n ń so pọ̀. Àwọn méjì tí mo dárúkọ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń dé fìlà. Olómìnira sì ni wọ́n, ẹ lè dà wọ́n fún gbogbo gbọ̀ngàn.

Mo máa ń lọ sí FOSDEM, àpérò open source kan ní Brussels, nígbà òtútù, wọn kì í gbowó, wọn kì í béèrè orúkọ. Ìwé àsọyé ibẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Èyí tí mo rántí jù ni èyí tí mo jókòó tì ní tábìlì tí ẹnì kan ní "gbé ẹ̀rọ rẹ wá."


#10 BàbáGwarinpa, Abuja

Mo kà á dé ibí, ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ ló mú mi wọlé.

Mo wà níbí ní 2007 tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé àti funfun ti One Laptop per Child wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima. Sọ́fítíwíà olómìnira ló wà nínú ẹ̀, Sugar, ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, lórí Fedora tó jẹ́ oríṣi Linux kan. Dọ́là 100 ni wọ́n pè é níbẹ̀rẹ̀, ó di 188. Ìjọba Ọbásanjọ́ ń sọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù mílíọ̀nù kan. Ìjọba mìíràn dé, mínísítà ẹ̀kọ́ béèrè pé àwọn ọmọ tí ò tíì rí àga jókòó, kí ni wọ́n fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò bá a jà lórí àga. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ ni gbogbo ètò náà dojú kọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé wọ́n fò tíṣà dá.

Ní 2012, Idlelo wá sí Abuja, ìkarùn-ún rẹ̀. Àpérò sọ́fítíwíà olómìnira ti gbogbo Áfíríkà ni, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ FOSSFA ló ń ṣe é nígbà náà, Cape Town ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Pápá ìjẹko tí gbogbo ìlú jọ ni ni wọ́n ní idlelo túmọ̀ sí lédè ibẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lákòókò yẹn, èèyàn ṣì lè dárúkọ ìjẹko ní Nàìjíríà kí wọ́n má fa ara wọn láṣọ ya.) Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, ó wú mi lórí. Ẹni tó jókòó tì mí jẹ́ olùkọ́ láti Kwara, ó fi ọjọ́ gbogbo wá ẹni tó máa bá òun gbé Moodle, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí kọ̀ǹpútà, sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ilé-ìwé òun ní. Gbogbo ènìyàn fún un ní káàdì. Ẹnikẹ́ni ò jókòó tì í.

Moodle yìí, ẹni tó dá a sílẹ̀, Martin Dougiamas, aṣálẹ̀ Ọsirélíà ló dàgbà sí. Orí rédíò ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níwèé, ọkọ̀ òfuurufú ló ń já iṣẹ́ àṣetiléwá wá fún un. Ẹni tó mọ ohun tí jíjìnnà sí tíṣà jẹ́ ló kọ ọ́.


#11 ÌgbákejìỌ̀gá, Abẹ́òkúta

Bíróò yẹn bá mi. Mo ní olùkọ́ Yorùbá méjì tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é ní táàmù kọ̀ọ̀kan.

Mi ò tíì yí padà lórí Excel o. Ṣùgbọ́n tí Àǹtí Bọ́lá bá lè dáhùn ìbéèrè mi pé ta ni wọ́n máa pè, màá fi mọ́tò ilé-ìwé gbé àwọn méjèèjì wá sí Ògbómọ̀ṣọ́.


#12 TíṣàBọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ju ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ nù. Mi ò ní sọ ìtàn kankan. Wákàtí àkọ́kọ́, ìwé ìbéèrè Yorùbá. Ìkejì, kí oníkálukú gbé ohun tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Ìkẹta, kí wọ́n jókòó ní ìlú-ìlú, kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí wọ́n á máa pè, kí ẹni náà pe èmi, kí èmi pe Bọ̀ọ̀dá Alágbẹ̀dẹ. (Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì bi yín. Mò ń bi yín báyìí.)


#13 Alágbẹ̀dẹKọ̀ǹpútà, Ìbàdàn

Ẹ ti bi mí. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ o.


#14 TíṣàBọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti ṣe é tán. Ẹ má bínú pé ó pẹ́, oorun ọ̀sẹ̀ kan ni mo sùn.

Èèyàn méjìdínlógójì ló wá, mẹ́tàlélógún ló gbé láptọ́ọ̀pù. Wọ́n mú iná lọ ní ìṣẹ́jú ogún tá a bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ sì ti lọ jẹun. Purojẹ́kítọ̀ kú. Bóyá òun ló sàn jù, torí kò sẹ́ni tó lè máa wo iwájú mọ́, oníkálukú kọjú sí ẹ̀rọ tirẹ̀.

Mo kọ 1ECD sára pátákó ńlá, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tẹ Alt+X. Màmá kan wà níbẹ̀, tíṣà Yorùbá, ó ku ọdún kan kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ọ jáde. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ara wọn, Ọmọ́tọ́lá ni, ọ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, wọn ò tíì rí orúkọ náà bó ṣe yẹ lójú kọ̀ǹpútà rí. Ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ ti fẹ́ na ọwọ́ sí mouse. Mo wò ó. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá Ìbejì, ẹ kú orí ire.

Àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà gan-an ló nira fún wa. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tán. Ọ̀kan fi wákàtí kan ṣàlàyé fún mi pé Photoshop dára ju GIMP lọ. Mi ò jiyàn, mo bi í pé èwo ló wà lórí ẹ̀rọ àwọn ọmọ. Ó dákẹ́.

Mo sì rú òfin Bọ̀ọ̀dá Alágbẹ̀dẹ. Ọkùnrin kan ní dandan, òun fẹ́ rí Linux, Ventoy ò ṣí lórí ẹ̀rọ rẹ̀, mo ní ká pa Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn láti orí ohun tí kò mọ̀. A rí Linux. Nígbà tó padà sí Windows, BitLocker, àgádágodo Windows lórí ẹ̀rọ, ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ojú ọkùnrin náà! Mo pe ẹ̀gbọ́n, aago méjì ààbọ̀ ni, wọ́n gbé e láì bínú, wọ́n ní ká tan Secure Boot padà. Ó ṣí. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ṣe mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Mo pe gbogbo mẹ́tàlélógún. Mọ́kànlá ṣì ń lo nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ tíṣà Yorùbá tàbí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.


#15 ÌgbákejìỌ̀gá, Abẹ́òkúta

Méjì nínú mẹ́jọ yẹn, tèmi ni wọ́n. Wọ́n ti tẹ ìbéèrè táàmù yìí fúnra wọn. Àmọ́ wàhálà kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ gbà mí. Wọ́n gbé e lọ sí business centre nínú fláàṣì, gbogbo ẹ́ àti ọ̀ di àpótí, àpótí, àpótí. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ọ̀la ni ìdánwò. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wá bíróò.


#16 Dúpẹ́_Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan bíróò sà! Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ò ní Charis SIL ni, Word ibẹ̀ sì fi fọ́ǹtì mìíràn dípò. Kí wọ́n padà sídìí LibreOffice, File, Export As, PDF. PDF á gbé fọ́ǹtì náà dání lọ, ohunkóhun tó wù kó wà lórí ẹ̀rọ ibẹ̀.


#17 ÌgbákejìỌ̀gá, Abẹ́òkúta

Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ dúró.


#18 ÌgbákejìỌ̀gá, Abẹ́òkúta

Ó jáde. Mo mú ẹ̀dà kan dání báyìí. Ìbéèrè kẹrin ní kí ọmọ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọbẹ̀ àti ọ̀bẹ, gbogbo àmì ibẹ̀ ló sì jókòó sí àyè ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, èèṣì bíróò sọ méjèèjì di ọ̀bẹ, àwọn ọmọ ní kò sí ìyàtọ̀ kankan, a sì fún gbogbo wọn ní máàkì.